Bí Lébẹ́ẹ̀lì Bá Purọ́, Ta Ni Yóò San Owó Aṣọ?

Ní oṣù yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ni a fẹ́ fi ojú ìwé yìí sọ. Ọ̀rọ̀ ohun tí owó oṣù ń rà ni. Bí a bá jà títí tí a gba ẹ̀kúnwó, tí oníṣọ́ọ̀bù sì fi aṣọ burúkú gba owó náà lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ni a jà fún?

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá mi. Baba náà fẹ́ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ra kóòtù àti ṣòkòtò ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Èkó, ó san ₦48,000. Ẹ rántí pé ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀. Ó sọ fún ọmọ tó ń tajà pé kóòtù òde ni òun fẹ́, tí òun yóò máa wọ̀ lọ sí òde àti sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mélòó kan. Ọmọ náà ní kò sí wàhálà, Bàbá, èyí gan-an ni.

Ó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọbẹ̀ ta sí i lápá. Nígbà tí ó padà sílé, ó yí inú kóòtù síta, ó wo lébẹ́ẹ̀lì, ìyẹn aṣọ pélébé tí wọ́n rán mọ́ ìhà rẹ̀. Ó rí àwòrán abọ́ omi tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀, àti àwòrán áyọ́ọ̀nù tí ó ní kókó dúdú kékeré kan. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní yunifásítì túmọ̀ rẹ̀ fún un: ọwọ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, kí omi má gbóná, kí áyọ́ọ̀nù náà má sì gbóná púpọ̀. Ohun tí baba ṣe gan-an nìyẹn. Kò sè é, kò fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́, kò fún un bí ẹni fún aṣọ ìnulẹ̀. Ibi òjìji ni ó sá a sí. Nígbà tí aṣọ gbẹ, aṣọ ìténú rẹ̀ ti súnkì, ó fa apá kóòtù sókè, ó kù díẹ̀ kó kan ìgúnpá. Àyà rẹ̀ yọ róro bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé. Aró pupa inú rẹ̀ sì ti ṣàn jáde sí ojú aṣọ.

Ó gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà kò tilẹ̀ tú u wò, ó kàn na ìka sí pátákó ara ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, owó tí a bá ti gbà, a kì í dá a padà. Ó ní baba kò mọ aṣọ fọ̀ ni. Mánéjà jáde wá, ó ní omi kànga ilé rẹ̀ ló bà á jẹ́. Ẹnì kan nínú wọn tún rẹ́rìn-ín pé irú kóòtù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti dírẹ́bà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó dun baba náà ju owó lọ, òun náà ni ó sì mú mi jókòó kọ ìwé yìí.

Èrò ti ẹ̀ka wa nìyí. Lébẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó ṣe aṣọ ni. Òun ni ó mọ irú òwú tí wọ́n fi hun ún, irú aró tí wọ́n fi pa á àti irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ inú rẹ̀. Òun ni ó ní kí n ṣe báyìí, pé aṣọ kò ní bàjẹ́. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí aṣọ bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kò ṣẹ. Àdánù náà kò gbọdọ̀ jẹ́ tèmi.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í wo lébẹ́ẹ̀lì rárá. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi abẹ gé e kúrò ní ọjọ́ tí wọ́n bá ra aṣọ, nítorí ó ń yún wọn lọ́rùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé e mọ́. Ẹlẹ́rìí yín ni ẹ ń gé sọnù. Àwọn àwòrán náà kò ṣòro. Abọ́ omi ni ti fífọ̀. Nọ́ńbà tó bá wà nínú rẹ̀, bíi 30, 40 tàbí 60, ni ìwọ̀n ooru tí omi kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni ó wà nínú abọ́, ọwọ́ ni kí a fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. Onígun mẹ́ta ni ti bílíìṣì. Onígun mẹ́rin ni ti gbígbẹ. Bí àmì róbótó bá wà nínú onígun mẹ́rin náà, ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ ni ó ń sọ. Áyọ́ọ̀nù ni áyọ́ọ̀nù: bí kókó inú rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó lè gbóná dáadáa. Àmì róbótó tó dá dúró jẹ́ ti àwọn alágbàfọ̀ tí ń fi kẹ́míkà fọ aṣọ láìlo omi. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí ìlà méjì tó dábùú ara wọn lórí àwòrán, èèwọ̀ ni.

Kì í ṣe oníṣọ́ọ̀bù kan ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn àmì yìí. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Paris ní ọdún 1963, GINETEX ni orúkọ rẹ̀, ni ó ni wọ́n, wọ́n sì ti wọ inú ìwé ìlànà àgbáyé tí à ń pè ní ISO 3758. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1972 ni òfin ti fi dandan lé e pé kí wọ́n rán ìlànà ìtọ́jú mọ́ aṣọ. Ohun tó dára jù nínú òfin tiwọn ni pé ẹni tó bá kọ ìlànà sára aṣọ gbọ́dọ̀ ní ìdí gúnmọ́ lọ́wọ́, bí àyẹ̀wò, tó fi kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ fi ojú inú kọ ọ́.

Àwa tí a ti jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rí mọ ibi tí irọ́ náà ti ń wá. Lébẹ́ẹ̀lì a máa wá ní róòlù gígùn, bíi tẹ́ẹ̀pù. Bí ti aṣọ yìí bá tán, tí ọkọ̀ tó fẹ́ kó ọjà sì ti dé ẹnu géètì, súpáfáísọ̀ a ní kí wọ́n fi ti aṣọ àná rán an. Ọmọbìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ kò ní ẹnu láti bèèrè. Nígbà mìíràn, wọ́n a fi aṣọ ìta sínú omi yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n wọn kò ní yẹ aṣọ ìténú wò, wọn kò ní yẹ bọ́tìnnì wò, wọn kò sì ní yẹ gọ́ọ̀mù inú àyà rẹ̀ wò. Ojú aṣọ a wá ṣe bí wọ́n ti wí, inú rẹ̀ a sì kọ̀. Ohun tó ṣe kóòtù baba yẹn nìyẹn. Àwọn kan tún wà tí ń kọ ọ́ sára aṣọ tí omi kò lè ṣe ní nǹkan kan pé a kò gbọdọ̀ fi omi fọ̀ ọ́. Wọ́n kàn ń fi gba ara wọn lọ́wọ́ ẹjọ́ ni, àwa a sì máa gbé owó fún alágbàfọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, ẹ má rò pé òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni a ń bá jà. Ẹni tó ní kí wọ́n fo àyẹ̀wò nítorí owó ni.

Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì alẹ́ ni mo lọ. Ṣùgbọ́n mo jókòó ti òfin náà, mo kà á lẹ́sẹẹsẹ, kò sì le tó bí wọ́n ti ń fi dẹ́rù bà wá. Òfin Ìdíje Òwò àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019, ni ó rọ́pò òfin ológun ti ọdún 1992. Abala 131 sọ pé ẹ̀tọ́ oníbàárà ni kí ọjà tí ó rà dára, kí ó wúlò fún ohun tí wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe, kí ó má lábùkù, kí ó sì tọ́ dé ìwọ̀n àkókò tó yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a kò lè fọ̀ lẹ́ẹ̀kan láìbàjẹ́, ta ni yóò sọ pé ó tọ́? Abala 116 ka á léèwọ̀ láti fi àpèjúwe tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà sára ọjà. Abala 122 sì sọ pé bí a bá ti sọ fún olùtajà ohun tí a fẹ́ fi ọjà ṣe, tí a wá rí i láàárín àkókò tó yẹ pé kò wúlò fún un, a lè dá a padà kí a sì gba gbogbo owó wa. Ẹ rántí ohun tí baba sọ fún ọmọ tó ń tajà ní ọjọ́ tí ó rà á.

Pátákó ara ògiri ńkọ́? Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mú òfin yìí ṣẹ, FCCPC, ti sọ ọ́ ní gbangba ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé irú pátákó bẹ́ẹ̀ kò bá òfin mu. Pátákó kò lè pa òfin rẹ́. Bí mo bá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn mi pé èmi kì í san owó iná, ṣé wọn kò ní gé iná mi? Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a sọ òdodo: bí aṣọ kò bá lábùkù, tí ó kàn jẹ́ pé ìyàwó ilé ní àwọ̀ rẹ̀ kò dùn mọ́ òun, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ òfin. Ìwà ọmọlúàbí oníṣọ́ọ̀bù ni yóò yanjú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ àti òfin kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní June ọdún 1931, dókítà kan tí à ń pè ní Richard Grant ra àwọ̀tẹ́lẹ̀ onírun àgùntàn ní ìlú Adelaide ní Australia. Ó wọ pátá náà. Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí yún un, awọ ara rẹ̀ sì bó. Kẹ́míkà tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ lára òwú náà ni wọn kò fọ̀ kúrò tán ní ilé-iṣẹ́. Àìsàn náà dá a dùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀, díẹ̀ ló kù kí ó pa á. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Pátá lè pa ènìyàn. Ó pe ṣọ́ọ̀bù tó tà á lẹ́jọ́, ó sì pe ilé-iṣẹ́ tó hun ún pẹ̀lú. Ó jàre ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́, ilé ẹjọ́ gíga Australia yí i padà, ó gbé e dé London. Ní October 1935, ìgbìmọ̀ adájọ́ Privy Council dá a láre lórí àwọn méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ kí a dì mú nínú ìdájọ́ náà ni èyí: Lord Wright tó ka ìdájọ́ sọ pé ọ̀nà tí àwọn tó ṣe aṣọ fẹ́ kí wọ́n gbà wọ̀ ọ́ gan-an ni ọkùnrin náà gbà wọ̀ ọ́. Àwọn tó ṣe é kò retí pé kí ó kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ìdí ọ̀rọ̀ tiwa nìyẹn. Baba tiwa náà, ọ̀nà tí wọ́n ní kí ó gbà lò ó ni ó gbà, wọ́n tilẹ̀ yà á ní àwòrán fún un. Ẹjọ́ náà sì kàn wá ní Nàìjíríà, nítorí pé òfin ọjà títà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1893, ni a jogún, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn sì sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 1959. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé dókítà ṣàìsàn, ara baba tiwa le, aṣọ rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Nítorí náà ẹni tó ta aṣọ fún un ni kí ó kọ́kọ́ dojú kọ. Bí olùtajà bá ní kí ó lọ wá ẹni tó ṣe é lọ sí Ṣáínà tàbí Turkey, kí ó dá a lóhùn pé, "Ìwọ ni mo fún lówó. Ìwọ ni kí o lọ wá a."

Àwọn alágbàfọ̀ máa ń wà láàárín, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń jẹ ìyà tí kì í ṣe tiwọn. Bí alágbàfọ̀ bá ṣe ohun tí lébẹ́ẹ̀lì wí, tí aṣọ bàjẹ́, ẹ má gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín jẹ́rìí ni. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ní kókó kan, tí òun sì fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná bí iná ìléru lé e, ti ọwọ́ rẹ̀ ni ìyẹn. Abala 130 òfin kan náà ní kí ẹni tó gba owó iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Kí ẹ jọ ka lébẹ́ẹ̀lì nígbà tí ẹ bá ń gbé aṣọ fún un, ẹ̀yin méjèèjì lójú ara yín. Àti pé, ẹlẹgbẹ́ mi, bí ó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ ni o fi bílíìṣì sí aṣọ aláró, má wá sí tábìlì mi. Ti òkìríkà kò gùn: ẹni tó ra aṣọ tí ẹlòmíràn ti wọ̀, tí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti pa rẹ́, kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Ṣùgbọ́n bí oníṣọ́ọ̀bù bá ta àlòkù fún un bí ẹni ta tuntun, abala 117 wà fún ìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan gbogbo wa, àní ẹni tí kì í wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá, ni yúnífọ́ọ̀mù. Ilé-iṣẹ́ kan ní agbègbè wa fún àwọn òṣìṣẹ́ ní yúnífọ́ọ̀mù tuntun. Wọ́n fọ̀ ọ́ bí wọ́n ti kọ ọ́ sí i, aró rẹ̀ ṣí, ṣòkòtò rẹ̀ kúrú sókè ọrùn ẹsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ra òmíràn, pé wọn yóò máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Ẹ gbọ́ o. Òfin Òṣìṣẹ́ ti ọdún 1974, ní abala karùn-ún, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gé owó ẹnikẹ́ni nítorí ohun tó bàjẹ́, àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, àti pé ọ̀gá tí ìjọba yàn sídìí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹni tó fọ aṣọ bí lébẹ́ẹ̀lì ti wí, àìbìkítà wo ni ó ṣe? Ilé-iṣẹ́ ni ó ra yúnífọ́ọ̀mù lọ́wọ́ kọngílá. Kí ó lọ bá kọngílá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìgé-owó wá fún ọ, má fọwọ́ sí i. Gbé e wá fún aṣojú yín ní ọjọ́ náà gan-an.

Bí aṣọ rẹ bá bàjẹ́ báyìí, má tún un fọ̀, má sì gbé e fún télọ̀ kí ó tún un ṣe. Ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú lébẹ́ẹ̀lì. Wá rìsíìtì rẹ. Abala 118 ní kí olùtajà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ọjà tó rà, nítorí náà má máa tijú láti bèèrè rẹ̀ ní ọjọ́ tí o bá ń rajà. Kọ lẹ́tà kúkúrú sí ṣọ́ọ̀bù, kí o sì pa ẹ̀dà kan mọ́. Bí wọn kò bá dáhùn, FCCPC wà, LASCOPA tí í ṣe ti ìjọba Èkó náà wà. Láti ọdún 2018 ni Èkó sì ti ní ilé ẹjọ́ fún gbèsè kékeré, lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì, fún owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Ète wọn ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín ọgọ́ta ọjọ́, ènìyàn sì lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ láìgba lọ́yà.

Ti baba ńkọ́? Ẹ̀ka wa bá a kọ lẹ́tà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣọ́ọ̀bù náà ní kí ó wá gba ₦15,000, ó kọ̀. Wọ́n ní kí ó wá mú kóòtù mìíràn tó jọ ọ́. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó rí i pé lébẹ́ẹ̀lì kan náà ni, ó sì dá a padà sórí káńtà. A ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé LASCOPA báyìí. Àwọn tí wọn kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọn yóò pè é ni a fẹ́ kí wọ́n bá a lọ. Ọjọ́ náà yóò wà lára pátákó ìkéde ní ẹnu ọ̀nà kántíìnì. Ẹnikẹ́ni tó bá tún ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nílé, ìbáà jẹ́ yúnífọ́ọ̀mù, ìbáà jẹ́ aṣọ òde, kí ó mú un wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa tó ń bọ̀ pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, bó ti wù kó dọ̀tí tó, ẹ má fọ̀ ọ́ kí ẹ tó mú un wá.